Mọ́ǹkì ìpele 5: èwo ló ń bá èwo ṣiṣẹ́, èwo ló ń dí èwo lọ́wọ́?

ỌmọOjúẹlẹ́gbà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A máa ń pàdé ní Súrùlérè lọ́sàn-án Sátidé, D&D la máa ń ta, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi ìtàn àti dáìsì ṣe, ìwé òfin 2014 la sì ń lò. Mọ́ǹkì lèmi mú, ajagun tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jà, ẹ̀ka Open Hand, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìpele 5. Wàhálà mi ni pé ki (pọ́ìntì agbára mọ́ǹkì) márùn-ún tí mo ní kì í pẹ́ tán. Ìjà ò tíì gbóná, èmi ti ṣófo. Tí mo bá ní mo fẹ́ lo Flurry (ẹ̀ṣẹ́ méjì léraléra), DM wa, ẹni tó ń darí eré, á ní mo ti lo bonus action (ìṣe kékeré àfikún). Tí mo bá ní kí n gba ọfà mú, á ní reaction mi (ìṣe tí mo fi ń dá ọ̀tá lóhùn) ti lọ. Ọ̀rẹ́ wa tó mú paladin (jagunjagun mímọ́) ti sọ mí di ẹlẹ́yà, ó ní eré sísá nìkan ni mo mọ̀. Ẹ̀yin àgbà ibí, ẹ là mí lọ́yẹ: èwo ni mo lè lò pọ̀, èwo ni kì í bá èkejì gbélé?

ẸgbọnDM_Yábàá
Àbúrò, má dá paladin yẹn lóhùn. Mọ́ǹkì kì í ṣe ọ̀lẹ, àmọ́ ó fẹ́ ẹni tó mọ ìṣirò.

Nígbà tó bá kàn ẹ́, o ní action (ìṣe ńlá) kan, bonus action kan, àti ìrìn rẹ. Reaction kan tún wà tó máa ń padà sọ́wọ́ rẹ nígbà tó bá tún kàn ẹ́. Wá wò ó: ẹ̀ṣẹ́ àfikún tí Martial Arts ń fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, Flurry of Blows, Patient Defense (yíyẹra fún ìlù), Step of the Wind (sísá tàbí yíyọ kúrò), bonus action ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lára jẹnẹrétọ̀ kékeré ni: tí o bá ti ki fáànù bọ̀ ọ́, tẹlifíṣọ̀n á sinmi. DM yín ò rẹ́ ẹ jẹ.

Èyí tó yàtọ̀ ni Stunning Strike. Kò gba action, kò gba bonus action, kò gba reaction. Tí o bá ti fi ẹ̀ṣẹ́ tàbí ohun ìjà ọwọ́ lu ọ̀tá, tó sì bà á, o lè san ki 1, ọ̀tá náà á ju dáìsì Con save, ìdánwò agbára ara láti fi yọ. Tó bá kùnà, á dákú lórí ìdúró títí di ìparí ìgbà tó bá tún kàn ẹ́. Nítorí náà òun àti Flurry mọwọ́ ara wọn, ibẹ̀ gan-an ni owó rẹ sì ń gbà lọ. Ní ìpele 5, Extra Attack fún ẹ ní ìlù méjì, Flurry fi méjì kún un. Ki 1 fún Flurry, ki 1 fún Stunning lórí ìlù kọ̀ọ̀kan tó bá bà: márùn-ún pé géérégé, ìyípo àkọ́kọ́ ò tíì parí.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mò ń darí ni pé kí wọ́n fi ìlù méjì àkọ́kọ́ dán Stunning wò. Flurry kì í wáyé àfi lẹ́yìn tí o bá ti ṣe Attack tán, nítorí náà wàá ti rí i bóyá ọ̀tá dákú kí o tó pinnu bóyá kí o náwó sí i. Tó bá ti dákú, gbogbo ìlù tó tẹ̀ lé e ní advantage (dáìsì méjì, èyí tó ga jù lo máa mú), Flurry yẹn á dùn. Tí kò bá dákú, tí ara rẹ̀ sì le, fi ki pamọ́, lo ẹ̀ṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Tún ṣọ́ ẹni tí o ń lù. DC rẹ, iye tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ jù kó tó yọ, ni 8, ká fi proficiency (àfikún ìmọ̀ṣe) kún un, èyí tó jẹ́ 3 ní ìpele yìí, ká tún fi ti Wisdom lé e. Tí Wisdom (ọgbọ́n) rẹ bá jẹ́ 16, àfikún rẹ̀ jẹ́ 3, DC di 14. Ogre (òmìrán kan) ní +3 sí Con, ìdajì ìgbà ló máa yọ nínú ẹ̀. Mage (onídán) inú Monster Manual, ìwé àwọn ọ̀tá, Con rẹ̀ ò ju 11 lọ, kò ní àfikún kankan: nínú ojú 20 tí dáìsì ní, ojú 13 ló máa fi kùnà. Àwọn èèyàn á máa sáré lọ bá ẹni tó sanra jù lójú ìjà, wọ́n á wá ní Stunning ò ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún paladin. Onídán tó sá pa mọ́ sẹ́yìn ni tìẹ. Tí o bá jẹ́ ọmọ èèyàn, ẹsẹ̀ bàtà 40 lo lè rìn, bó bá sì ti dákú báyìí, concentration rẹ̀ (ìfọkànsí tó fi di idán mú) já lójú ẹsẹ̀.

ÌyáDáìsì_ẸM
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Àmọ́ ẹ fo Open Hand, ibẹ̀ sì ni adùn wà.

Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà, gbọ́. Ìlù Flurry kọ̀ọ̀kan tó bá bà, o lè mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí o gbé e ṣubú bó bá kùnà Dex save (ti ìyára ara), kí o tì í tó ẹsẹ̀ bàtà 15 bó bá kùnà Str save (ti okun), tàbí kí o gba reaction lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò ní save kankan. Ẹni tó bá ti dákú lórí ìdúró kì í ju dáìsì rárá fún Str àti Dex save. Ó ti kùnà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Níbi eré tí mò ń darí, mo ya ìlú kan tó jọ Ìsàlẹ̀ Èkó ayé àtijọ́, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́tùn-ún lósì, ọ̀sà níwájú. Mọ́ǹkì wa gun òrùlé lọ bá ọ̀gá àwọn jàgùdà. Ìlù àkọ́kọ́ bà, ó san ki, mo ju dáìsì, 4 ni mo rí. Ìlù kejì wọlé pẹ̀lú advantage. Ó wá pe Flurry: ó fi ẹ̀ṣẹ́ kìíní lù ú lásán, ó ní ẹ̀ṣẹ́ kejì, òun fi tì í. Mi ò ní dáìsì tí mo fẹ́ jù mọ́. Mo jókòó, mo ń wo ọ̀gá jàgùdà tí mo ti kọ ìtàn ìyá tó bí i sílẹ̀, ó já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 30, ìpalára d6 (dáìsì olójú mẹ́fà) mẹ́ta, ó sì balẹ̀ gbì sórí àtẹ ẹlẹ́ja. Gbogbo ilé pariwo débi pé aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn.

Ìtì yẹn, ìlù ìkẹyìn ni kí o máa fi ṣe é, kí ọ̀tá má baà jìnnà sí ẹ nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣì kù. Ìgbéṣubú ní tirẹ̀, béèrè ẹni tó kàn lẹ́yìn rẹ kí o tó ṣe é. Ẹni tó nà sílẹ̀, tafàtafà tó wà lókèèrè máa ní disadvantage (òdì kejì advantage) sí i. Ẹni tó dákú, advantage ni tafàtafà ní sí i. Méjèèjì pàdé, wọ́n pa ara wọn rẹ́, ìwọ ló sì bá ọ̀rẹ́ rẹ jẹ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́fà ló kàn, jẹ́ kí ẹni ẹlẹ́ni dúró bó ṣe dúró.

Gbígba reaction ni wọn kì í kà sí, òun ló sì wù mí jù. Onídán yín há sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmìrán? Ìlù Flurry kan tó bá bà ti tó, onídán á rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ẹni tó máa gbá a lẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ onídán ọ̀tá lo ṣe é fún, kò ní lè ju Shield (idán ààbò), kò ní lè ju Counterspell (idán tó ń pa idán ẹlòmíràn rẹ́), títí di ìparí ìgbà tó bá tún kàn ẹ́.

Ìkòtún_Crit
Ṣé ẹ ò rí i pé ìwé 2014 ló ń dà á láàmú ni? Ẹ ní kí wọ́n bọ́ sórí ìwé òfin 2024. Ẹ̀ṣẹ́ d8 ní ìpele 5 dípò d6. Ẹ̀ṣẹ́ bonus action ò dúró de Attack mọ́, Flurry náà ò dúró dè é. Disengage (yíyọ kúrò láìjẹ ìlù) ti di ọ̀fẹ́ nínú Patient Defense, Dash (sísá) ti di ọ̀fẹ́ nínú Step of the Wind. Tí o bá fẹ́ kí Dodge (yíyẹra fún ìlù) kún ti àkọ́kọ́, tàbí kí Dash àti Disengage jọ wá, ìgbà yẹn lo máa san pọ́ìntì 1. Uncanny Metabolism ń bẹ: bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ tí o ju dáìsì initiative (tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe), o lè gba gbogbo pọ́ìntì rẹ padà, kí ara rẹ sì yá díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan kí o tó tún ṣe ìsinmi gígùn. Deflect Attacks ń gba idà àti kùmọ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe ọfà nìkan. Kí lẹ ń dúró ṣe?

ẸgbọnDM_Yábàá
Ìkòtún, o bu ibi tó dùn, o fi ibi tó korò sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Nínú 2024, Stunning Strike ti di ẹ̀ẹ̀kan péré nígbà tó bá kàn ẹ́, ìdákú náà sì ń parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó tún kàn ẹ́, kì í ṣe ní ìparí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló máa jẹ èrè rẹ̀, ìwọ ò ní bá a níbẹ̀. Òótọ́ ni pé bí ọ̀tá bá yege, ìrìn rẹ̀ á dín sí ìdajì, ìlù tó kàn sí i á sì ní advantage, owó rẹ ò wọmi pátápátá. Open Hand náà yí padà: opportunity attack (ìlù reaction sí ẹni tó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni) nìkan ló ń dènà báyìí, nítorí náà ohun tí Ìyá Dáìsì sọ nípa Counterspell kò sí níbẹ̀ mọ́.

Méjèèjì ló dára. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí ni kí èèyàn bu Deflect Attacks láti inú ìwé tuntun, kó bu Stunning mẹ́rin láti inú ti àtijọ́, kó rò ó pọ̀. Tábìlì kan wà ládùúgbò wa níbí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, DM wọn ò rí ọ̀tá kankan tó lè dúró níwájú mọ́ǹkì wọn, àwọn yòókù wá ń tẹ fóònù. Ẹ mú ìwé kan.

ỌmọOjúẹlẹ́gbà
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. 2014 la ṣì máa lò, ìwé tuntun wọ́n lọ́wọ́. Ẹ bá mi sọ ti reaction. Wọ́n ta mí lọ́fà, mo ní Deflect Missiles. Ọ̀tá sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní opportunity attack. Mo tún ní Slow Fall, tó ń dín ìpalára ìjábọ́ kù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ yàn?

Tafà_Ìkẹjà
Ọlọ́fà lèmi, nítorí náà mo mọ bí mọ́ǹkì ṣe ń bí wa nínú. Deflect Missiles ń yọ d10, àfikún Dex rẹ àti ìpele rẹ kúrò nínú ìpalára. Tí Dex rẹ bá jẹ́ 18, àfikún 4 pẹ̀lú ìpele 5, d10 pẹ̀lú 9 nìyẹn, 10 ló kéré jù tó máa yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọfà ò kọjá ibẹ̀. Bí ìpalára bá di òdo, tí ọwọ́ rẹ kan sì ṣófo, o lè di ọfà náà mú, kí o san ki 1, kí o sọ ọ́ padà nínú reaction kan náà. Ó máa ń dùn, àmọ́ fún ẹni tí ki ò tó, ẹ̀tàn ni. Gba ọfà, ju ú sílẹ̀, máa lọ. Fire Bolt ńkọ́? Idán nìyẹn, Deflect Missiles ò mọ̀ ọ́n. Ohun ìjà tí wọ́n ń jù tàbí tí wọ́n ń ta nìkan ló ń gbà.

Ní ti yíyàn: bó bá jẹ́ onídán ni ẹ̀yin méjèèjì jọ dúró, má fi reaction rẹ gba ọfà tí kò ní pa ọ́. Fi dè é. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò láìṣe Disengage, opportunity attack rẹ ìlù ọwọ́ ni, Stunning Strike ń bá a lọ. Ó dákú sójú ọ̀nà, ìrìn rẹ̀ dópin. Kò sí ibi tí ki 1 ti níye lórí tó bẹ́ẹ̀.

Slow Fall kò ní ìjiyàn. Ó ń yọ ìlọ́po márùn-ún ìpele rẹ, 25 ní ti tìẹ. Bó o bá ń já bọ́, ta ló tún ń rò ó?

Àdùkẹ́_Onídán
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, èmi ni mo máa ń mú wizard (onídán). Mọ́ǹkì wa máa ń bẹ̀ mí pé kí n ju Haste (idán ìyára) lé òun. Ṣé ó tọ́ sí i ju fighter (jagunjagun) lọ?

ẸgbọnDM_Yábàá
Ó tọ́ sí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò. Haste fún un ní AC (ààbò ara) +2, ìlọ́po méjì ìrìn, advantage lórí Dex save, àti action kan sí i tó lè fi ṣe Attack, àmọ́ ìlù kan péré. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n ibẹ̀: Attack ti Haste náà Attack ni. Kó fi action Haste lu ìlù kan, kó san ki 1, kó fi Flurry lu méjì, kó wá fi action tirẹ̀ gan-an ṣe Dodge. Ìlù mẹ́ta, àwọn ọ̀tá sì ní disadvantage sí i. Patient Defense tí kò bá bonus action jà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ lù, márùn-ún ni.

Àmọ́ bí concentration rẹ bá já, mọ́ǹkì á pàdánù ìgbà tó kàn án látòkè délẹ̀, láàárín àwọn ọ̀tá tó sáré lọ bá. Fara pa mọ́ dáadáa kí o tó ju ú.

Sẹ́gun_ÒkèÒdò
Ṣé mo lè fi barbarian (jagunjagun oníbìínú) pọ̀ mọ́ mọ́ǹkì? Rage àti Flurry!

ÌyáDáìsì_ẸM
O lè ṣe é, ṣùgbọ́n ìyà ni. Unarmored Defense (ààbò láìwọ ìhámọ́ra) àwọn méjèèjì ò ṣeé kó pọ̀, èyí tí o kọ́kọ́ ní nìkan lo máa lò. Àfikún ìpalára Rage, Strength ló ń bá rìn, mọ́ǹkì sì ń fi Dex lù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù fún ẹ ni kí ara rẹ má tètè fara pa. Bí o bá gbé asà, Martial Arts àti Unarmored Defense ti mọ́ǹkì jọ wábi gbà. Mage Armor (idán ààbò) náà, 13 pẹ̀lú Dex ni. Kò ní kún ti mọ́ǹkì, èyí tó ga jù nínú méjèèjì ni wàá mú.

BàbáPathfinder
Láti 1975 tí mọ́ǹkì ti wọ D&D nínú ìwé Blackmoor, ẹ ò tíì bá ara yín parí ìjà lórí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wá sí Pathfinder 2e, eré mìíràn tó jọ ọ́. Action mẹ́ta lo ní, kò sí bonus action tí à ń du. Flurry of Blows gba action 1, ìlù méjì, ẹ̀ẹ̀kan nígbà tó bá kàn ẹ́, kò sì ná ẹ ní pọ́ìntì kankan. Action kan o fi wọlé, kan o fi lù, kan o fi jáde. Ṣùgbọ́n ìlù kejì ń jẹ -5, ìkẹta -10, -4 àti -8 bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ agile (fẹ́ẹ́rẹ́). Ẹni tó bá fi gbogbo action rẹ̀ lu èèyàn, afẹ́fẹ́ ló ń lù. Mo ti lọ.

Ìkòtún_Crit
Baba yìí á kàn wọlé, á bú gbogbo wa, á jáde 😂

ẸgbọnDM_Yábàá
Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi Ọmọ Ojúẹlẹ́gbà: ṣé ẹ ń sinmi? Ki ń padà pátá lẹ́yìn ìsinmi kékeré, wákàtí kan, bí o bá fi ìdajì wákàtí nínú rẹ̀ ṣe àṣàrò. Paladin àti wizard fẹ́ràn ìsinmi gígùn, wọn ò ní rántí tìẹ. Ìwọ, fighter àti warlock ni ẹ jọ ń jẹ nínú ìsinmi kékeré. Ẹ pa ohùn pọ̀, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn tó kàn.

Mo tún mọ bí tábìlì Èkó ṣe ń ṣe. Ẹni kan dé pẹ́ torí Ìkòròdú Road, ẹni kejì fẹ́ tètè lọ torí Third Mainland, DM wá kó gbogbo ọ̀tá rẹ̀ sínú ìjà ńlá kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé ìjà kan ṣoṣo lẹ ń jà lọ́jọ́ kan, má ṣahun. Ná ki rẹ ní ìyípo méjì àkọ́kọ́ nígbà tí ọ̀tá ṣì pọ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ki méjì fún ìjà kan, kí o sì máa bi DM léèrè bóyá ibi ìsinmi wà nítòsí.

Ẹ̀yìn ìyẹn, di ọ̀pá rẹ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nígbà Attack, d8 ni. Flurry, fi ẹsẹ̀ gbá wọn, d6. Òfin ò sọ pé ọwọ́ nìkan ni ẹ̀ṣẹ́ mọ́ǹkì.

ỌmọOjúẹlẹ́gbà
Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ku ẹyọ kan. DM wa ti jẹ́ ká mọ̀ pé werewolf (èèyàn tó ń di ìkookò) ló ń dúró dè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ́ mi ò ní ràn án. Ṣé kí n kúkú dúró sílé ni?

ÌyáDáìsì_ẸM
Dìde jàre. Ohun ìjà lásán tí kò ní idán, tí kì í ṣe fàdákà, kì í dun werewolf 2014, òótọ́ ni. Ìpele 6 ni ẹ̀ṣẹ́ rẹ máa di ti idán. Ṣùgbọ́n lọ ka Stunning Strike: bí ìlù bá bà ló wà níbẹ̀, kò sọ pé bí ó bá dùn ún. Open Hand náà bẹ́ẹ̀. AC rẹ̀ ò ga, Con save rẹ̀ +2 péré. Dá a kú, gbé e ṣubú, kí paladin fi Divine Smite (ìlù mímọ́) bá a, radiant (ti ìmọ́lẹ̀) ni, kò ní ohun tó máa fi dènà ìyẹn. Ẹ má sì pe gbogbo ìlù ní crit (ìlù tó ń sọ dáìsì ìpalára di ìlọ́po méjì) torí pé ó dákú o. Paralyzed (ara tó rọ pátápátá) ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀.

ỌmọOjúẹlẹ́gbà
Háà! Ó yé mi. Àmọ́ mo fẹ́ kí tèmi náà dùn ún díẹ̀, mà.

Tafà_Ìkẹjà
Ra shortsword (idà kúkúrú) kí ẹ tó jáde nílùú, ó wà lára ohun ìjà mọ́ǹkì. Fífi fàdákà bo ohun ìjà kan, 100 gp (owó wúrà inú eré). Lo idà fàdákà yẹn fún ìlù Attack méjèèjì, kí o fi Flurry tì í padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Èmi, 100 gp kan náà ló máa bo ọfà mẹ́wàá, nítorí náà ẹ bá DM yín dúnàá-dúrà kí ẹ lè bo méjèèjì.